Ìrìn Ọmọ Mi Tí Mo Rìn

Ẹsẹ̀ ni mo fi ń jẹun. Máyàfí tí àwọn obìnrin fi ń borí, ìborùn àti tùràrí ni mò ń tà, n kò sì ní ṣọ́ọ̀bù. Mo máa ń to ọjà sínú bàsíà, màá gbé e rù láti Aboabo tí à ń gbé ní Kumasi, màá gba Dichemso kọjá, màá máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, bí ọjà bá sì ṣẹ́kù màá rìn dé Asafo. Àwọn oníbàárà mi kì í wá mi, èmi ni mò ń wá wọn lọ. Ìyá mi kiri, ìyá rẹ̀ tó tẹ̀lé ọkọ wá láti Ìlọrin náà kiri. Ẹbí wa kò mọ ohun tí à ń pè ní àìrìn, ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé àìrìn ló fẹ́ ba ọmọ mi lára jẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ, obìnrin ni. Bàbá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Tamale, ọdún Iléyá ló sábà máa ń gbé e wálé, nítorí náà èmi àti ọmọ yìí la jọ ń wo ojú ara wa. Ó sanra láti kékeré. Ní agboolé ọkọ mi, bí ọmọ bá sanra, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń kí pé ó kú ìtọ́jú, èmi náà sì ń gba ìkíni yẹn tọwọ́tẹsẹ̀. N kò bi ara mi léèrè ohunkóhun títí ó fi parí ìdánwò JHS, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ìpele kìíní, tó wá ń retí ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba máa gbé e sí. Ìrètí yẹn máa ń gùn ní Ghana. Orí ibùsùn ló ń sùn, orí ibùsùn náà ló ń jẹun. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀, ó sì ń tọ̀ ṣáá.

Mo mú un lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ṣúgà ti ń gòkè nínú rẹ̀, pé kò tíì di àrùn, pé bó bá ń rìn lójoojúmọ́ tó sì dín oúnjẹ kù, ó ṣeé ṣe kó wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oògùn ló kù, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ oògùn yẹn lọ́mọdé, bóyá ni yóò fi í sílẹ̀ láyé.

Kó máa rìn. Ó rọrùn láti sọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n máa ń jókòó sí etí gọ́tà àdúgbò wa, bí ọmọ mi bá ti yọjú wọn á ní "Obolo", orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó sanra níbí nìyẹn, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Ó bá mi kiri lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹkún ló fi wọlé. Mo jáde lọ bú wọn, mo bú ìyá wọn mọ́ ọn, torí ẹnu mi kò dùn bí inú bá ń bí mi. Kò sí ohun tí èébú mi yanjú. Ọmọ mi ti ilẹ̀kùn, kò jáde mọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin ló wá ọ̀nà sí i. Fóònù ló ń tún ṣe ní Asafo. Ó mú fóònù àlòkù kan wá fún ọmọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti fi géèmù sínú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má tíì bínú," ló wí, torí ó mọ ojú tí mo fi ń wo géèmù. "Eléyìí yàtọ̀ paa. Kò ṣeé jókòó ṣe."

Ó gbé fóònù náà sókè sí àgbàlá, ó ní kí n wò ó. Mo rí àgbàlá wa gẹ́lẹ́, mo rí okùn aṣọ, mo rí ewúrẹ́ ará ilé wa, mo sì rí ẹranko aláwọ̀ búlúù kan tó dúró ti ewúrẹ́ náà, tó ń ju ìrù. Mo yọ ojú kúrò lára fóònù, ewúrẹ́ nìkan ló kù. Mo ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wa. Àbúrò mi ní kì í ṣe àǹjọ̀nú, pé fóònù ló ń ya àwòrán ẹranko lé ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, pé ìgboro Kumasi kún fún wọn, ẹni tó bá fẹ́ mú wọn gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀. Ẹyin náà tún wà nínú géèmù yìí. Ọmọ ẹranko kì í jáde nínú ẹyin àfi bí ẹni tó ni fóònù bá rìn jìnnà. Bó bá wọ ọkọ̀ tírótìró, fóònù á mọ̀, kò ní kà á fún un.

Mo rò pé eré ọjọ́ mélòó kan ni. Àṣé mo ń ṣàṣìṣe. Ọmọ mi jáde lọ sí orígun àdúgbò, ó padà wá, ó tún jáde. Nígbà tó yá ó ti ń dé Dichemso. Bó bá kọjá níwájú àwọn onígọ́tà yẹn, ojú rẹ̀ wà nínú fóònù, kò tiẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, bó ṣe sú wọn nìyẹn. Ó ń sùn dáadáa. Ó ń fi wáàkyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà tó fẹ́ràn, sílẹ̀ nínú àwo, kì í ṣe pé mo fi ipá mú un, ó kàn ń kánjú àtijáde ni.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń kiri ní Dichemso, mo gbọ́ ẹ̀rín kan, ara mi bù máṣọ. Ẹ̀rín ọmọ mi ni. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta mìíràn dúró síwájú ilé ìta-oògùn, wọ́n kó fóònù jọ, ọmọbìnrin kan gbára lé èjìká rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti jọ ń gbé láti kékeré. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn kíósìkì kan kó má bàa rí mi. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, mo ń wò wọ́n, omi sì ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí a padà sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní ṣúgà náà ti dúró, pé ó ti fẹ́ máa wálẹ̀.

Mo kọ ìyẹn síbí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé n kò mọ̀. Mo mọ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi kí n tó bà á jẹ́.

Bàbá àgbà ni olórí agboolé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí lórí awọ àgbò, ẹni tó bá ń jáde á kúnlẹ̀ kí i, ẹni tó bá ń wọlé á kúnlẹ̀ kí i. Kò sí ọmọ tó ju òfin yẹn lọ. Ọmọ mi gbé ojú sínú fóònù, ó kọjá lára rẹ̀ lọ, ó tún kọjá lára rẹ̀ bọ̀. Mọ́sálásí àdúgbò wa náà bọ́ sínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ṣe géèmù yẹn ti sọ iwájú mọ́sálásí di ibi tí ẹranko máa ń pọ̀ sí, ọmọ mi kò sì mọ èyí tí kò yẹ, ó lọ dúró síbẹ̀, ó gbé fóònù sókè nígbà tí àwọn ọkùnrin ń wọlé lọ kírun Àsárì. Wọ́n rò pé fídíò wọn ló ń ṣe.

Bàbá àgbà ránṣẹ́ pè mí.

"Ìyàwó wa, ojú lọ̀rọ̀ wà," ó ní, "jókòó. Ṣé èmi ni ọmọ rẹ kò rí ni, àbí ìwọ ni o kò kọ́ ọ?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọmọdé ló ń ṣe é."

"Wallahi, n kò bínú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn ènìyàn ti ń béèrè pé ọmọ ta ni. Mo ní ọmọ wa ni, ojú sì tì mí."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi dé eegun. Ọmọ tí kò bá kí ènìyàn, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Ìyàwó ilé ni mo jẹ́ níbẹ̀, ọkọ mi kò sí nílé, gbogbo ohun tí mo ní nínú agboolé yẹn ni orúkọ rere tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ìkúnlẹ̀ kó jọ. Bí mo ṣe ń rò ó lónìí, gbólóhùn kan ni ì bá yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ǹ bá sọ fún ọmọ mi pé: bó o bá dé ẹnu ọ̀nà, fi fóònù sí àpò, kúnlẹ̀, kí Bàbá, kó o tó mú un jáde, má sì dúró síwájú mọ́sálásí. Ọmọ tó gbọ́ràn ni, ì bá ṣe é. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ojú ń tì mí, mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí i pé mo ti ṣe nǹkan.

Ọgbọ́n kan wá sọ sí mi lọ́kàn, ó sì dùn mọ́ mi nínú.

"Gbé fóònù yẹn wá," mo sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì. "Ṣebí ìrìn ni àwọn ẹyin rẹ ń fẹ́? Èmi náà ń rìn. Màá fi sí ìbàdí mi, màá bá ọ rìn ín. Ìwọ jókòó sílé, kí ẹnu àwọn ènìyàn dákẹ́."

Ó wò mí. "Màmá, ṣebí èmi ni nọ́ọ̀sì ní kí n máa rìn."

"Ilé yìí kò tóbi tó ni? Máa rìn nínú rẹ̀."

Ohun tí mo sọ gan-an nìyẹn. Mo so fóònù náà mọ́ ìbàdí lábẹ́ ìró, mo gbé bàsíà mi, mo bọ́ sí títì.

Kí Ọlọ́run forí jì mí, mo gbádùn rẹ̀. Ìrìn tí mo ti ń rìn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá di ohun tó ń mú èrè wálé fún ọmọ mi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí mo bá wọlé, ọmọ mi á na ọwọ́ gba fóònù kó tó gba ẹrù lórí mi. A ó jọ jókòó sórí ibùsùn, a ó máa wo ẹyin tó ń là. "Màmá, ẹ ti rìn paa lónìí," á máa yìn mí. Nígbà tó ṣe díẹ̀ ó ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú àwọn ẹranko náà, mo sì ń dúró lójú títì pẹ̀lú ẹrù lórí, mò ń na fóònù sí afẹ́fẹ́. Àwọn oníbàárà mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní ṣé mo ti di oníròyìn ni. Ó tún wá di pé ọmọ mi ń rán mi níṣẹ́. "Màmá, ẹ gba ọ̀nà Asafo lónìí, nǹkan pọ̀ níbẹ̀." Màá gba ọ̀nà Asafo, bí n kò tilẹ̀ ní ọjà tí mo fẹ́ tà níbẹ̀.

Ìró mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní ìbàdí. Wọ́n ń kí mi pé ara mi ti fúyẹ́, pé mo ti padà di ọmọge. Bàbá àgbà náà yìn mí, ó ní mo ti pe ọmọ mi wálé. Ọmọ mi wà nílé lóòótọ́. Ó wà lórí ibùsùn, pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń dúró de ìrìn tí mo máa gbé bọ̀ fún un.

Ohun tó burú jù kò tíì jáde lẹ́nu mi. Ní Asafo, lẹ́bàá ibùdókọ̀, ọmọbìnrin tó gbára lé èjìká ọmọ mi lọ́jọ́sí rí mi pẹ̀lú fóònù náà. Ó dá fóònù náà mọ̀. Ó sáré wá, ó fi Twi kí mi, ó wá yí i sí pìjìn.

"Mummy, please, where she dey? We dey see her name for the game every day, but we no dey see her."

Ó ní àwọn ti ń retí rẹ̀. Ó ní gbogbo àwọn máa ń pàdé níbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé láti jọ bá ẹranko ńlá kan jà, pé ẹnì kan kì í dá a ṣe, pé kí n jọ̀ọ́ sọ fún un kó wá.

Mo ní, "Ó ń kàwé ni. Màá sọ fún un."

N kò sọ fún un. Mo dé ilé, ó béèrè bóyá mo rí ẹnikẹ́ni lọ́nà, mo ní rárá. Mo sọ fún ara mi pé nítorí Bàbá àgbà ni, pé bó bá gbọ́, á fẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ á sì tún padà dé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ nínú òótọ́ náà. Bí ọmọ náà bá gba fóònù rẹ̀, tó sì ń jáde lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ta ni yóò máa dúró dè mí ní ìrọ̀lẹ́? Ọkọ mi wà ní Tamale. Ó ti mọ́ mi lára kí ẹnì kan máa yọ̀ bí mo bá wọlé. Ọmọbìnrin náà tún bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mìíràn, mo tún parọ́. Lẹ́yìn náà n kò rí i mọ́. Ìjọba ti gbé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn jáde, wọ́n ti tú ká lọ sí ibi tí wọ́n gbé kálukú sí. Tiwa nìkan ló kù, àṣìṣe kan wà nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ń tún ṣe.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí náà la bá. Ó gbé ọmọ mi sórí òṣùwọ̀n, ó wò ó, ó ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó tún ní kó gùn ún. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ojú nọ́ọ̀sì yí padà.

"Ṣé o ṣì ń rìn?" ó fi Twi bi í.

Ọmọ mi mú fóònù jáde, ó ṣí ibi tí géèmù náà ń kọ gbogbo ìrìn sí. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó yà á lẹ́nu. Ó ní ẹni tó bá rin irú èyí, kò yẹ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí báyìí rárá. Ó ní, "Ìwọ lo rin gbogbo èyí?"

"Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Màmá mi ló ń bá mi rìn ín."

Kò sọ ọ́ láti dójú tì mí. Ó sọ ọ́ bí ènìyàn ṣe máa ń sọ pé màmá mi ló ń bá mi fọṣọ. Nọ́ọ̀sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wò mí, ẹ̀rín náà kò jáde mọ́. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Bàbá àgbà àti mọ́sálásí, kò sì sí ìkankan nínú rẹ̀ tó ṣeé sọ níwájú òṣùwọ̀n. Ó mú bírò, ó kọ oògùn fún un, àárọ̀ àti alẹ́. Ó ní kí a má ṣe jẹ́ kó tán nílé.

Nígbà tí a délé, mo yọ fóònù náà kúrò nínú àpò, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Láti òní lọ, ìwọ ni kó o máa gbé e jáde. Màá bá Bàbá sọ ọ́."

Ó fi sórí ibùsùn. "Ẹ máa mú un lọ, Màmá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe báyìí."

"Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Àwọn wo? Wọn ò béèrè mi." Kò bínú rárá. "Bí wọ́n bá fẹ́ràn mi ni, wọ́n á ti béèrè."

Ǹ bá dákẹ́. Mo fẹ́ dákẹ́, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti wo àkọsílẹ̀ oògùn yẹn láti ọsibítù dé ilé, n kò lè tún gbé irọ́ lé e. Mo sọ fún un pé wọ́n béèrè rẹ̀. Mo sọ pé ọmọbìnrin yẹn sáré tọ̀ mí wá ní Asafo, pé ó ránṣẹ́ sí i, pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ó jókòó sí etí ibùsùn.

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní ò ń kàwé."

"Màmá, mi ò kàwé kankan." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo rò pé torí bí mo ṣe rí ni wọn ò fi wá mi."

Mo ní kó má bínú, ó ní òun kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó dìde, ó wé máyàfí rẹ̀, ó fi fóònù sílẹ̀ níbi tó wà, ó jáde. Kò ní kí n bọ̀, kò sì ní kí n padà, mo bá tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Bàbá àgbà wà lórí awọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mi dúró níwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó kí i bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ, Bàbá sì ṣàdúà fún un. Ó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Ó fi ọwọ́ kan ti ògiri, ó tún gbìyànjú, èémí rẹ̀ ń dún sókè, òógùn ti bo imú rẹ̀. Nígbà tó dìde tán, kò lọ síta mọ́. Ó yí padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá wọlé.

"Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́," ni Bàbá àgbà wí, inú rẹ̀ dùn dé ọkàn. "Ọmọ yìí ti gbẹ̀kọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dìde wéré.